Ogun Oyin Inú Oṣù Kínní

Ọdún mọ́kànlélógún ni Hàlímọ̀tù fi gbé oúnjẹ lọ bá àwọn aláìsàn lórí ibùsùn ní ọsibítù kan ní Camberwell, nílùú òyìnbó. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, oyin ló bẹ̀rẹ̀ sí sìn, ilé onípákó méjì, lórí ilẹ̀ tí káńsù yá a ní Peckham. Èyí ńlá lágbára. Oyin inú èyí kékeré kò pọ̀, ṣùgbọ́n òun ló fẹ́ràn jù, nítorí ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kó wọn jọ lára ògiri ibùdókọ̀ kan.

Lọ́dún yìí, òtútù kò mú rárá. Oṣù Kínní kò tíì parí tí òdòdó ti yọ láàárín koríko, tí ẹyẹ ti ń ṣa igi ìtẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Hàlímọ̀tù rí oyin tó gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó pupa rúsúrúsú wọlé. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì bà á. Oúnjẹ ọmọ oyin ni lẹ́búlẹ́bú; oyin tó bá sì ń tọ́mọ nígbà tí ìtànná kò tíì pọ̀ yóò jẹ oúnjẹ ilé rẹ̀ tán. Ó gbé ilé kékeré wò. Ó fúyẹ́ bí igbá òfìfo.

Ó po omi ṣúgà, ó gbé e lọ bá wọn bí ó ti máa ń ṣe fún aláìsàn, ó sì dà á sí ẹnu ọ̀nà wọn gan-an.

Oyèníran, bàbá àgbà tó ń gbin ẹ̀fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbójú sókè. "Ìyá Nusaybah, ìta lẹ dà á sí?"

"Ebi ń pa wọ́n, bàbá."

"Gbogbo àdúgbò lẹ ránṣẹ́ pè yẹn."

Hàlímọ̀tù kò tíì dé ìgò omi ṣúgà náà tán tí àwọn ti ilé ńlá fi gbóòórùn. Wọ́n dé bí òjò. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé kékeré di mọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà; wọ́n ń gé ara wọn níyẹ̀ẹ́, wọ́n ń fi oró gún ara wọn nínú, wọ́n ń yí lulẹ̀ ní méjì méjì títí ọ̀kan yóò fi dákẹ́. Òkú pọ̀ débi pé orí wọn ni àwọn alààyè ń gbà wọlé. Nínú lọ́hùn-ún, wọ́n ń ya afárá bí ẹni ya aṣọ.

Hàlímọ̀tù fi koríko dí ẹnu ọ̀nà, ó ku ibi tí oyin kan ṣoṣo lè gbà. Ó fa aṣọ tí Oyèníran fi bo ẹ̀fọ́ yọ, ó rẹ ẹ́ sómi, ó fi bo ilé náà. Wọ́n ta á lọ́rùn, wọ́n ta á ní ìpéǹpéjú.

"Ẹ kúrò níbẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ bá wọn kú ni? Ojú yín ti wú bí àkàrà."

"Ẹ bu omi sí i, bàbá, kí ẹ tó máa ṣe yẹ̀yẹ́."

Oyèníran bu omi sí i. Wọ́n ta òun náà. Ó bú wọn, ó sì bú baba wọn.

Nígbà tó di aago mẹ́rin, oòrùn wọ̀, òtútù sì lé àwọn ọlọ́ṣà padà sílé. Hàlímọ̀tù ṣí ilé kékeré. Afárá ti ya, ó ti gbẹ. Oyin tó kù kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Wọ́n ṣù bo ìyá wọn, tó ń rìn jẹ́jẹ́ láàárín wọn láìní ọgbẹ́.

"Ìyá wọn yè," Oyèníran wí.

"Ó yè. Ṣùgbọ́n ẹ̀kúnwọ́ kan kò lè mú ara wọn gbóná di ọ̀la. Inú ilé ńlá ni wọn yóò lọ."

"Lọ́dọ̀ àwọn tó pa ará ilé wọn?"

"Ibẹ̀ ni oúnjẹ wọn wà."

Oyin kì í sì í gba ìyá méjì nínú ilé kan. Hàlímọ̀tù bọ́ ìbọ̀wọ́, ó mú ìyá oyin náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ha á lọ́wọ́. Ó ní "Bísímílà," ó sì tẹ̀ ẹ́ pa láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀.

Ó tẹ́ ìwé ìròyìn sórí ilé ńlá, ó gbé ilé kékeré lé e. Òórùn ni oyin fi ń mọ ará ilé rẹ̀; kí wọ́n tó jẹ ìwé náà lu, òórùn wọn yóò ti di ọ̀kan.