Ohùn Tó Ń Já Níwájú Yàrá Akọ̀wé ní Tchaourou

Ìdájí ni mo kúrò ní Ṣakí, kí ládàánì tó pe ìrun àárọ̀. Ọyẹ́ ti bo àdúgbò débi pé mi ò rí òpó iná ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi bá mi gbé àpò irinṣẹ́ dé ìdí ọ̀kadà, ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n fi òkú dẹ́rù bà mí. Mo rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ mi ò kan òkú: èmi ni wọ́n máa ń pè bí Wáífáì ọ́fíìsì bá ń da ohùn rú lórí fóònù. Àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu mi, torí mo rántí ohun tí Alájì Sùmọ́nù sọ fún mi.

Alájì yìí ni olórí ẹgbẹ́ àwọn tó ń ra kajú lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní Tchaourou, lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ẹbí ìyá rẹ̀ wà ní Ṣakí, ibẹ̀ la ti mọra. Ó ní láti ìgbà tí akọ̀wé àgbà wọn ti kú ni fóònù ọ́fíìsì ti ń ṣe bákan. Bí àwọn ọkùnrin bá jókòó sídìí tábìlì wọn tí wọ́n pe ènìyàn, ohùn á mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n bí Ràfíátù, ọmọbìnrin tó ń gba ìpè, bá ti gbé fóònù lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ á gé, á sì di ìkérora. Àwọn òṣìṣẹ́ ti fẹnu kò pé olóògbé ló ń tẹ̀lé e. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo ń lọ yìí gan-an ni ìpàdé tí wọ́n fẹ́ fi lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Alájì ní òun fẹ́ mọ òótọ́ kí òun tó fọwọ́ sí i.

Erùpẹ̀ pupa ni ọ̀pọ̀ nínú ọ̀nà tó lọ sí ibodè Òkèrété. Nínú ọyẹ́ yẹn, a kì í rí ènìyàn àfi tó bá kù díẹ̀ ká kọlù ú: Fúlàní kan pẹ̀lú màlúù rẹ̀, obìnrin kan tó ru igi, ọkùnrin kan tó kàn dúró láàárín igbó láìmú nǹkan lọ́wọ́, tó ń wò wá kọjá. Mi ò bi ọlọ́kadà bóyá òun náà rí i. Mo ronú pé bó bá ní òun ò rí i, ìrìn àjò náà á bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Lódìkejì ibodè, wọ́n wo ìwé mi, mo ṣẹ́ náírà sí seefà, mo sì wọ takisí. Àwa náà ń há ara wa mọ́ inú ọkọ̀ nílé, ṣùgbọ́n tiwọn ju tiwa lọ: awakọ̀ àti èrò kan jọ pín ìjókòó kan ni. Nígbà tí a dé ọ̀nà ọ̀dà ní Kílíbò, awakọ̀ bi mí pé, "Tonton, ibo lẹ máa sọ̀ ní Tchaourou?" Tonton, lédè Faransé, ni ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá ẹni, níbẹ̀, gbogbo àgbà ọkùnrin ni tonton, gbogbo àgbà obìnrin sì ni tata. Mo ní ọ́fíìsì àwọn oníkajú tó wà lẹ́bàá ojú irin ni.

Ó dín rédíò kù. "Ah bon, ṣé bẹ́ẹ̀ ni. Ibi tí Akọ̀wé ti ń dáhùn."

"Akọ̀wé wo?"

"Èyí tó kú. Ẹ̀gbọ́n mi pè wọ́n nípa kajú tó fẹ́ tà. Ó ní ohùn tí òun gbọ́, bí ẹni pé ó wà nísàlẹ̀ kànga. Donc, torí náà, kò pè mọ́. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ló tà á sí."

Ó tún gbé ohùn rédíò sókè, ó sì ń sáré títí a fi dé.

Ojú irin gba àárín Tchaourou kọjá, ṣùgbọ́n mi ò rí rélùwéè kankan lórí rẹ̀. Koríko ti hù láàárín irin, ewúrẹ́ sì ń jẹ ẹ́. Òkìtì iṣu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ga ju ènìyàn lọ. Mo jẹ iyán pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà àti wàrà díndín ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta seefà, ó sì dára ju èyí tí mò ń jẹ nílé lọ, ẹ má sọ fún Àbẹ̀kẹ́. Zém, ọ̀kadà tiwọn, ló gbé mi dé ẹnu ọ́fíìsì. Bí mo ṣe sọ ibi tí mò ń lọ, ọlọ́kadà náà já mi sílẹ̀ lókèèrè díẹ̀, ó ní ọ̀nà ò dára. Ọ̀nà náà dára.

Ilé gígùn ni, ògiri rẹ̀ nípọn bíi ti ilé àtijọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣókùnkùn ló gba àárín rẹ̀ kọjá, láti tábìlì Ràfíátù níwájú títí dé yàrá Alájì lẹ́yìn. Láàárín méjì ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ni ìlẹ̀kùn kan wà tí wọ́n tì pa. Mo ṣàkíyèsí pé bí àwọn òṣìṣẹ́ bá fẹ́ gba iwájú rẹ̀ kọjá, wọ́n máa ń fara mọ́ ògiri òdìkejì.

Ràfíátù kúnlẹ̀ kí mi. Ọmọ abúlé kan lápá Goro ni, owó iṣẹ́ rẹ̀ ló ń tọ́ ìyá rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wọnú. "Tonton, mi ò pe ẹnikẹ́ni," ló sọ, kí n tó bi í ní nǹkan kan. "Ìgbà tí Akọ̀wé wà láyé, mi ò ṣẹ̀ wọ́n. Kí ni wọ́n ń wá lọ́wọ́ mi?"

Mo ní kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́, kí n máa wò ó. Kò pẹ́ tí ìpè kan wọlé fún Alájì. Nílé wa, a ó tẹ nọ́ńbà ni, ìpè á fúnra rẹ̀ lọ bá ọ̀gá níbi tó wà. Ràfíátù ò ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, kí ẹ̀rọ máa han mọ́ àgbàlagbà létí lójijì, ìwà àrífín ni. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé fóònù náà, tí kò ní okùn, tó ń lo Wáífáì, ó ń gbé e lọ bá Alájì kó lè kúnlẹ̀ fi lé e lọ́wọ́. Mo ní kó ṣí ohùn rẹ̀ síta, mo ń tẹ̀lé e, mo sì fetí sílẹ̀. Obìnrin tó pè ń sọ̀rọ̀ iye àpò kajú. Bí a ṣe dé iwájú ìlẹ̀kùn títì yẹn, ohùn rẹ̀ gé, ó tún gé, lẹ́yìn náà ló wá di ohùn ọkùnrin tó ń kérora, tó gùn, tí kò mí. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ̀rù bà mí.

Mo ní kó padà jókòó, kó pè mí lórí fóònù ọ́fíìsì mìíràn, èmi ni mo wá gbé ìyẹn rìn. Níwájú ìlẹ̀kùn kan náà, ohùn Ràfíátù fúnra rẹ̀ di ìkérora létí mi. Mo kígbe sí àwọn òṣìṣẹ́ pé ẹ wò ó, kì í ṣe ọmọ yìí. Ọ̀kan nínú wọn mi orí, ó ní, "Ó ti ràn yín."

Mo ti ń fura sí ohun tó fà á. Àwọn àpótí funfun pẹlẹbẹ ló ń fọ́n Wáífáì ká, borne ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ọ̀kan wà níwájú, ọ̀kan wà lẹ́yìn. Bí ènìyàn bá ń rìn lọ sọ́dọ̀ Alájì, fóònù gbọ́dọ̀ fi ti iwájú sílẹ̀ kó di ti ẹ̀yìn mú. Ṣùgbọ́n ó máa ń rọ̀ mọ́ èyí tó ti mọ̀ títí agbára rẹ̀ á fi tán, ọ̀rọ̀ á sì máa já dànù lójú ọ̀nà. Kí ẹni tó ń gbọ́ má baà rò pé ìpè ti kú, ẹ̀rọ á mú ìró tó gbọ́ kẹ́yìn, á máa fà á gùn dí àlàfo náà. Ohùn ènìyàn tí a bá fà báyẹn, ìkérora ni. Àwọn tó jókòó sójú kan kò lè gbọ́ ọ. Ẹni tó ń rìn nìkan ni, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń rìn.

Ohun kan ló kù tí mi ò mọ̀: kí ló dé tó jẹ́ láti ìgbà ikú náà? Mo bi Alájì ohun tó wà nínú yàrá títì.

"Yàrá Akọ̀wé ni. Ọjọ́ tí a sin ín la pa iná ibẹ̀, a sì tì í. Voilà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. A ò tíì ṣí i, torí ọ̀wọ̀ rẹ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó ṣí i. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ náà, Alájì ló wá fúnra rẹ̀ ṣí i. Eruku àti òórùn ìwé ló kọ́kọ́ kí wa. Fìlà olóògbé wà lórí àga, kẹ́tù àlùwàlá rẹ̀ wà lẹ́bàá ògiri, àwọn kọ́bọ́ọ̀dù onírin sì tò yí yàrá ká. Mo gbójú sókè. Borne kẹta wà lókè ìlẹ̀kùn, iná rẹ̀ ti kú. Òun ló máa ń gba ohùn lọ́wọ́ ti iwájú, tó ń fi í lé ti ẹ̀yìn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n pa iná yàrá náà nítorí ọ̀wọ̀ olóògbé, wọ́n pa òun náà.

Mo dá iná padà. Mo dín agbára méjì yòókù kù kí fóònù lè tètè já wọn sílẹ̀, mo sì ṣètò rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ ẹnu máa ṣáájú fídíò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wò. A tún pè, Ràfíátù tún rìn. Ohùn náà mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé òpin.

"C'est bon, ó ti dára," ni Alájì wí. "Kò sí ìpàdé mọ́." Inú gbogbo wọn dùn. Ẹni tó ní ó ti ràn mí ló lọ ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún wa, wọ́n sì ń yọ ara wọn lẹ́nu pé ta ni ẹ̀rù bà jù.

Ẹnu ẹ̀rín yẹn la wà tí fóònù fi dún. Ràfíátù gbé e, ó fetí sí i, ó rọra gbé e sórí tábìlì, ó sì rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá Alájì. Kò kúnlẹ̀.

"Tonton Alájì, ìpè yín ni. Ó wà lórí tábìlì mi. Láti òní lọ, ẹni tó bá ni ìpè, kó máa wá gbà á."

Àwọn ọkùnrin yẹn wo ilẹ̀. Alájì wò ó títí, lẹ́yìn náà ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde. Mò ń gbọ́ ìró ọ̀pá náà bó ṣe ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá. Ó dúró níwájú yàrá Akọ̀wé bí ẹni pé ó ń retí kí wọ́n sọ nǹkan fún un, ó sì tún ń lọ.

Ọjọ́ kejì ni mo padà dé Ṣakí, eruku bò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Àbẹ̀kẹ́, mo sì fi kún un pé ìrìn àjò náà kọ́ mi pé ó rọrùn láti tún ohùn tó bàjẹ́ ṣe ju láti tún orúkọ tó bàjẹ́ ṣe lọ. Ó gbọ́ mi tán, ó bu omi fún mi.

"Ta ló wá bẹ ọmọ náà?"

Mo gbé omi náà dání. Mo ka gbogbo wọn lọ́kàn, látorí Alájì dé orí ẹni tó ra ẹlẹ́rìndòdò, mo sì ka ara mi mọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́.