Úmúrà Tí Ìyá Mi Ṣe fún Olórin

Ìyá mi kò gbọ́ èdè Sípéènì rárá. Kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ohun tó fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ gan-an nìyẹn nígbàkígbà tó bá ń gbọ́ olórin Látìn Amẹ́ríkà tó fẹ́ràn. "Tí mi ò bá gbọ́ ohun tó ń wí, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn mi," ló máa ń sọ, á sì máa wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ nínú yàrá wa ní Kudai, àdúgbò kan ní Mẹ́kà. Obìnrin Filipínsì kan tí wọ́n jọ ń rán àbáyà ló fún un ní kásẹ́ẹ̀tì olórin náà nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo dàgbà, mo ríṣẹ́ sí Jẹ́dà, olórin náà ṣì ń fi orin sunkún ìfẹ́ nílé wa ní Mẹ́kà.

Nígbà tó kú, èmi ni mo la ẹnu sọ ọ́ fún ìyá mi. Mo ṣàṣìṣe. Ó sunkún débi pé bàbá mi bi í bóyá òun náà máa rí ìdajì omijé yẹn gbà lọ́jọ́ tòun. Lọ́jọ́ kejì, Àlàájà ìyá mi ní òun ń lọ ṣe Úmúrà fún òkú náà.

Àṣà wa ní Mẹ́kà ni. Bí èèyàn ẹni bá kú, a ó lọ sí Taním ní ẹnu ààlà ìlú, a ó dá àníyàn lórúkọ rẹ̀, a ó wá bá a yí Káábà po lẹ́ẹ̀meje. Àmọ́ mi ò tíì gbọ́ ọ rí pé ẹnì kan ṣe é fún olórin.

"Yā ummī, ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe Mùsùlùmí."

"Ìwọ wà níbẹ̀ nígbà tó ń kú? O mọ ohun tó sọ gbẹ̀yìn?"

Mi ò sí níbẹ̀. Ó lọ. Nígbà tó fi máa dé, orúnkún rẹ̀ tó ti ń dùn ún tẹ́lẹ̀ ti wú bí búrẹ́dì. Dókítà ní kò gbọdọ̀ rin ìrìn gígùn mọ́.

Ọdún yẹn kan náà ni bàbá mi kú.

Ìyá mi fẹ́ ṣe Úmúrà fún ọkọ rẹ̀, ẹsẹ̀ kọ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn tì í, ó ní wọn ò ní í ti òun kiri bí ẹrù. Mo bá ṣe é fúnra mi. Ó dúpẹ́, ó ní ìyẹn tèmi ni, kì í ṣe tòun. Á jókòó, á máa wo orúnkún rẹ̀, á ní: "Ìwọ̀nba ẹsẹ̀ tó kù fún mi, àjèjì ni mo fi rìn fún." Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí wọra.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, iléeṣẹ́ tó ń gbé orin olórin náà jáde kó àwọn orin rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù jọ sínú àwo kan. Mo wà níbi iṣẹ́ ní Jẹ́dà nígbà tí ìyá mi pè mí lórí fóònù.

"Khalas, ó tó, fi iṣẹ́ sílẹ̀, máa bọ̀! Ọkùnrin yẹn ò kú!"

Bí mo ṣe dé Kudai, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Nínú àwòrán ibẹ̀, olórin náà wọ kóòtù funfun, ó ń rẹ́rìn-ín. "Wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Jadíìdì! Tuntun! Òkú wo ló ń gbé àwo tuntun jáde? Ó tiẹ̀ tún àwọn ti àtijọ́ kọ, ohùn ẹ̀ ò yí padà rárá. Wo eyín ẹ̀!"

Mo la ẹnu láti ṣàlàyé. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́.

"Wallahi, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n a kì í ṣe Úmúrà fún alààyè tí ara ẹ̀ le. Úmúrà yẹn ò lè jẹ́ tiẹ̀. Bàbá ẹ ni mo fi í fún. Gbogbo ẹ̀, láti Taním títí dé ìparí. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mo fi rìn ín."

Mo mọ̀ pé kò sí àlùfáà tó máa fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá mi, mi ò tíì rí ìdùnnú báyẹn lójú rẹ̀.

"Ó wà láàyè, àbí?" ló bi mí.

Nínú ìlú Mẹ́kà, bí wọ́n ṣe ń pe ìrun Àsárì lọ́wọ́, mo wo ojú ìyá mi, mo ní ó wà láàyè, ara rẹ̀ sì le koko.

Ìyá mi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó gbàdúrà ẹ̀mí gígùn fún olórin náà, pé kó dàgbà dàgbà, kó tún gbé àwo mìíràn jáde lọ́dún tó ń bọ̀. Èmi náà ṣe àmín.