Omi Tó Wà Láàárín Wọn

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn oògùn tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ọsibítù, orí mi á tún dàrú. Wẹ́dà ni mí nígbà náà ní Òṣogbo, ọmọ Ìlobù, mo sì fẹ́ tíṣà kan tó jẹ́ ọmọ Ìfọ́n. Ìjà ilẹ̀ tún bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì, ìyàwó mi ò sì tíì lóyún, ni ìyá mi bá di ẹrù, ó wá bá wa. Ó ní ẹ̀jẹ̀ Ìlobù àti ti Ìfọ́n ò bára mu. Ó ní kí n lọ yẹ ara mi wò. Tí wọ́n bá ní ara mi dá, kí ìyàwó mi palẹ̀ mọ́, kó máa lọ sílé bàbá ẹ̀. Ojú ìyàwó mi ló ti sọ ọ́. Ìyẹn kúnlẹ̀, ó ní, "Mo ti gbọ́, mà," ó sì lọ bu omi mímu wá fún un.

Ní láàbù, obìnrin tó ń yẹ àtọ̀ tí mo gbé wá wò rí i pé mi ò gbójú kúrò lára maikirosikóòpù rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò wọ́n fúnra yín." Háà! Àwọn nǹkan bíńtín onírù, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ kiri! Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ pariwo. Ìgbà yẹn ni mo rí méjì tó sún mọ́ra. Oníkálukú kọ́kọ́ ń ju ìrù tiẹ̀ bó ṣe wù ú, àmọ́ kò pẹ́ tí ìrù méjèèjì fi ń lọ tó ń bọ̀ pọ̀, bí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ iléèwé tó ń ṣe máàṣì.

"Ta ló ń pàṣẹ fún wọn? Ṣé wọ́n létí ni?"

"Wọn ò létí, wọn ò lójú. Omi ni, ẹ̀gbọ́n. Bí èyí bá ju ìrù, á ti omi, omi á ti ìkejì. Ìkejì náà á ti omi padà, títí wọ́n á fi bára mu."

Mo ní ó ti yé mi. Kò yé mi rárá.

Ẹ̀yìn ọ̀kadà ni mo wà kí n tó rántí ọ̀rọ̀ ìyá mi. Tí ara mi bá dá, ìyàwó mi ń lọ nìyẹn. Kí wá ni mò ń yọ̀ sí? Mo ní kí Ọlọ́run dá àwọn nǹkan yẹn dúró. Mo tún ní kó má gbọ́ o. Ọlọ́kadà ní, "Brọ́dá, ṣé èmi lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

Ìyá mi àti ìyàwó mi ti jókòó sí pálọ̀ dè mí. Ìyá mi ní, "Ṣé ara rẹ dá?" Mo lanu, ohun tó jáde ni pé, "Wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, mà, ṣùgbọ́n omi ló ń mú wọn bára mu."

"Omi wo? Ti Ìlobù àbí ti Ìfọ́n?"

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. Kò tíì rẹ́rìn-ín látìgbà tí ìyá mi ti dé. Bí mo ṣe gbọ́ ẹ̀rín yẹn, mo ní, "Ara mi dá, mà. Ìyàwó mi ò sì ní lọ síbì kankan." Ìyá mi padà sí Ìlobù láì dágbére.

A ò tíì bímọ, àwọn dókítà náà ò sì mọ ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti tún ń wá. Níjelòó, mo bá òun àti ìyàwó mi lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń bó ègúsí, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀. Ọwọ́ wọn ń lọ, ó ń bọ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo ilẹ̀ gbígbẹ tó wà láàárín wọn, mò ń wá omi.