Kàlẹ́ńdà Bàbá Morupant

Kò sẹ́ni tó máa dárúkọ olóògbé Morupant nílùú Wai, ní ilẹ̀ Íńdíà, tí kò ní kọ́kọ́ sọ ti òṣùpá. Lọ́jọ́ kan, gbogbo ilé gba ààwẹ̀ òrìṣà Ganesh, èyí tí wọn kì í ṣínu rẹ̀ àfi tí òṣùpá bá yọ. Òṣùpá sì yọ kedere lórí òkè. Sulabha, ìyàwó ọmọ Morupant, tí ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa kú, na ọwọ́ sí àwo.

"Gbé e sílẹ̀," ni bàbá wí. "Kàlẹ́ńdà ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjì péré la ṣì wà."

"Bàbá, ẹ wò ó lókè! Aago ilé wa ló ń fà sẹ́yìn."

"Aago mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Òṣùpá ló ń ṣe wàdùwàdù. Kó dúró."

Wọ́n jókòó ti oúnjẹ, wọ́n ń wo òṣùpá fún ìṣẹ́jú méjìlá gbáko.

Orí ìṣó kan ṣoṣo ni bàbá fi kàlẹ́ńdà ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ sí. Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ló ń kọ sí ojú ọjọ́ rẹ̀: òjò àkọ́rọ̀, ẹfọ̀n tí wọ́n ń sìn tó bímọ, ọ̀rọ̀ aládùúgbò tó dùn ún. Nígbà tí Yamutai, obìnrin tó ń gbé lódìkejì, fẹ́ fẹ́ ìyàwó fún ọmọ rẹ̀, tí àwọn àna ń béèrè wákàtí tí wọ́n bí i kí wọ́n lè fi wo ìràwọ̀ rẹ̀, ọ̀dọ̀ bàbá ló sáré wá.

"Ọjọ́ kẹta tí òṣùpá bẹ̀rẹ̀ sí í dín," ni bàbá kà jáde. "Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. O pariwo ìrọbí títí tíì mi fi dà nù. Mo kọ tíì náà síbí."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n ń tún ilé ṣe de ọdún Diwali, Sulabha kó gbogbo kàlẹ́ńdà náà fún ọkùnrin tó ń ra bébà àlòkù. Bàbá ti tẹ́ńpìlì dé, ó bá ìṣó lófìfo.

"Sulabha, ta ló kó ọdún mi lọ?"

"Èmi ni mo tà wọ́n, Bàbá. Eku ti ń jẹ wọ́n."

Kò bá a jà. Ó mú ọ̀pá, ó gbọ̀nà ọjà lọ. Ẹlẹ́pà kan ti ra wọ́n lọ́wọ́ oníbébà, ó ti ń fi ojú ewé oṣù Shravan pọ́n ẹ̀pà tà, kò sì fẹ́ yọ̀ǹda bébà lásán. Bàbá ra ìdì ẹ̀pà méje tó kù. Ó ní owó òun kò ní ṣòfò, ó jẹ ẹ̀pà náà tán, inú sì fi ọjọ́ mẹ́ta dà á láàmú. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Sulabha náà bá wọn rín.

Ìgbà òjò tó kọjá ni bàbá kú. Nígbà tí Sulabha ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó rí àjákù bébà méje, òróró ẹ̀pà ṣì wà lára wọn. Ọ̀kan jẹ́ ti ọdún tí wọ́n gbé e wọlé ọkọ, tí ìyá tó bí i sì kú. Bàbá kọ síbẹ̀ pé: "Sulabha rẹ́rìn-ín lónìí. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ."

Sulabha kò mọ̀ pé ẹnì kankan ń kíyè sí òun nígbà náà. Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Ohun tó ń dùn ún jù ni àwọn ọjọ́ yòókù tó ṣeé ṣe kí bàbá ti kọ orúkọ òun sí, tí ẹlẹ́pà ti fi pọ́n ẹ̀pà fún àwọn ọmọ iléèwé.