Búṣọ́ọ̀n Ẹ̀rọ Ìyá Fìdẹ́lì

Ọjọ́ tí mo yọ búṣọ́ọ̀n mẹ́ta lára ẹ̀rọ tí Ìyá Fìdẹ́lì fi ń lọ àgbàdo ní Takon kò lè kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ̀rọ àtijọ́ náà ń gbóná jù, torí ìpẹtà ti dí ọ̀nà omi inú rẹ̀. A ní láti yọ búṣọ́ọ̀n, irin kékeré tí wọ́n fi dí ojú ihò omi, kí a tó lè fọ̀ ọ́. Àbúrò ọkọ rẹ̀, Bàbá Rẹ̀mí, ti pe àwọn tó ń ra irin àlòkù láti Sakété. Bí èmi tí wọ́n pè wá tún un ṣe bá kùnà, wọn yóò gbé ohun tí ìyá náà fi ń bọ́ ọmọ lọ.

Bàbá Rẹ̀mí ní, "Irin tó ti kú, ta ló ń gún un lábẹ́rẹ́?"

Mo fi iná àwọn ajórinmọ́rin mú búṣọ́ọ̀n àkọ́kọ́ gbóná, mo sì ní kí ìyá fún mi ní àbẹ́là ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Ó bi mí pé, "Ọ̀gá, ṣé àdúrà lẹ fẹ́ gbà fún un ni?"

Mo fi àbẹ́là kàn án, ìda sì yọ́ wọ ojú ìlọ́ tó fi dè mọ́ ihò náà, kí ó lè máa yọ̀. Mo kọ́kọ́ yí i díẹ̀ sí apá tí yóò fi le sí i, torí bẹ́ẹ̀ ni ìpẹtà ṣe ń já.

Ìyá pariwo: "Ẹ tún ń dè é ni!"

Ó dún pà! Ìyá káwọ́ lérí. Èmi náà rò pé ara ẹ̀rọ ti sán. Àṣé ìpẹtà ló já. Búṣọ́ọ̀n náà yí bí ìdérí ìgò, omi pupa tú jáde. Àwọn méjì yòókù kò yọ wá lẹ́nu.

Títí dòní, bí mo bá rí àbẹ́là, ohun tí ìyá sọ nígbà tí ẹ̀rọ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ni mo ń rántí: "Ọkọ mi, Bàbá Rẹ̀mí, ẹ wá gbọ́ bí òkú yín ṣe ń ké!"