Màmá Ẹ̀ẹ̀melòó

Ọdún kejìdínlógún rèé tí nọ́ọ̀sì kan nílé ìwòsàn ti ń bi àwọn ọmọ tó ní ikọ́ fée ní ìbéèrè kan náà. Ẹ̀ẹ̀melòó lo wúkọ́ lóru lọ́sẹ̀ yìí? Ẹ̀ẹ̀melòó lo fín oògùn aláwọ̀ búlúù tó ń mú èémí já gaara sẹ́nu? Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Màmá Ẹ̀ẹ̀melòó nìyẹn. Iye tí ọmọ bá sọ ni dókítà fi ń mọ bí àìsàn náà ṣe le tó. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọmọ kì í dáhùn, ìyá ní í dáhùn. Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n olórí rèé níjòókòó, wọ́n ń fá a lọ ràì. Ọ̀rọ̀ náà ti sú nọ́ọ̀sì dé góńgó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, aránṣọ kan mú ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá, wọlé. Dókítà ti ní bí èsì bá dáa, òun á dín oògùn àràárọ̀ ọmọ náà kù. Nọ́ọ̀sì bi ọmọ, ìyá dáhùn: òdo lóru, òdo lọ́sàn-án. Nọ́ọ̀sì ní ọmọ lòun ń bá sọ̀rọ̀. Ìyá ní ta ló mọ ọmọ ju ìyá tó bí i lọ? Ọmọ tẹjú mọ́lẹ̀, nítorí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í já ìyá rẹ̀ nírọ́ lójú àlejò.

Nọ́ọ̀sì gbé ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn èémí fún un. Ọmọ fẹ́ atẹ́gùn sí i, kò dé ìdajì ibi tó yẹ kó dé. Nọ́ọ̀sì pa bébà dé tìbínú-tìbínú.

"Ìgbà wo lo sáré kẹ́yìn?"

Ìyá ti lanu.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ n gbọ́ tẹnu ọmọ."

Ọmọ náà gbójú sókè. "N kì í sáré mọ́, mà. Tí ikọ́ bá sì dé lóru, mo máa ń fi ìrọ̀rí bo ẹnu. Ó máa ń rẹ màámi, mi ò fẹ́ kí wọ́n jí."

Ìbínú nọ́ọ̀sì kò wá mọ ẹni tí yóò já lé lórí, bí kò ṣe òun fúnra rẹ̀, tí kò bi ọmọ kankan rí léèrè ohun tó ti yéé ṣe. Ó fagi lé àwọn òdo náà, ó kọ ọ́ sí dókítà pé àìsàn náà le, kí wọ́n má dín oògùn kankan kù.

Aránṣọ náà fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó fi etí lé e lẹ́yìn, ó sì ń gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń sú fée, fée.