Ọmọ Ẹṣin Tí Mo Fá Lórí

Ní ọdún tí ọkọ mi ra ẹṣin, a kò tíì ní àga mẹ́rin tó bára mu nílé. Ogun ti parí, a ti padà sí Monrovia, a sì ti gba yàrá méjì ní Camp Johnson Road. Ṣọ́ọ̀bù wa ní Bushrod Island, níbi tí a ti ń ta páàtì mọ́tò kí ogun tó dé, ti jóná ráúráú. Gbogbo ìwé wa ló jóná mọ́ ọn: ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbí àwọn ìbejì wa, títí kan ìwé tí mo gbà nígbà tí mo jáde iléèwé girama. A tún ṣọ́ọ̀bù náà kọ́, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta páàtì. Àwọn ìbejì wà ní Ìlọrin lọ́dọ̀ ìyá mi, wọ́n ń kàwé. Èmi rò pé àga ló kàn. Ẹṣin ló kàn.

Kì í ṣe ẹṣin lásán o. Ẹṣin Lárúbáwá ni, ògidì, abo tó ti dàgbà, tó sì lóyún. Ẹni tó ni ín ń kó kúrò nílẹ̀ Áfíríkà, ó sì fẹ́ kí ó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ ẹṣin í tọ́jú. Ọkọ mi mọ̀ ọ́n. Bàbá bàbá rẹ̀ tọ́jú ẹṣin fún àwọn ọlọ́lá Ìlọrin títí ó fi kú, kò sì ní ẹyọ kan tirẹ̀ rí. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ojú omi gbé ẹṣin náà dé, ọkọ mi wọ agbádá lọ pàdé rẹ̀ ní èbúté. Èmi kò rántí pé ó wọ agbádá wá pàdé mi nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Làìbéríà. Nígbà tí a débẹ̀, ó na ìwé kan sí mi pé kí n fọwọ́ sí i, mo sì fọwọ́ sí i láìkà á, torí òórùn èbúté ń pa mí, mo sì rò pé ìwé ẹrù páàtì ni.

Odidi fáìlì kan ni ìwé ẹṣin náà. Orúkọ ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, àti ti ìyá ìyá rẹ̀, àti ti àwọn bàbá ńlá tó ti kú sí aṣálẹ̀ tí n kò lè pe orúkọ rẹ̀. Ọkọ mi jókòó lórí ibùsùn, ó ń kà á sí mi létí bí ẹni ń ki oríkì.

Mo ní, “Alàájì, nínú gbogbo ilé yìí, ẹṣin yín nìkan ló níwèé.”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ẹṣin yín ni mo máa ń pè é. Ẹṣin yín ti jẹ koríko tán. Ẹṣin yín ti já okùn tí mo sá aṣọ lé. Orogún tí kì í dáná, tí kì í fọ abọ́, ni mo kà á sí. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ní Bushrod Island ni a kọ́ ilé rẹ̀ sí, a sì gba àgbà Fúlàní kan tó wá láti Guinea pé kó máa tọ́jú rẹ̀. Ẹṣin kì í pẹ́ kú nílẹ̀ wa yìí, nítorí eṣinṣin tó ń mu ẹ̀jẹ̀, nítorí náà bàbá náà ń dá èéfín sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Èmi náà, pẹ̀lú gbogbo ẹjọ́ tí mo ń rò, èmi ni mo rán nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó bo odidi ilé ẹṣin náà. Nẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án ni mo so pọ̀.

Ohun tí ọkọ mi ń lé kò ju ẹyọ kan lọ. Òun àti àwọn ènìyàn mẹ́rin mìíràn tó fẹ́ràn ẹṣin ti dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí Làìbéríà ní ojú ewé tirẹ̀ nínú ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ ìran ẹṣin Lárúbáwá sí lókè òkun. Àwọn tó ń tọ́jú ìwé náà ní ó dáa, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí a bá bí ògidì ọmọ ẹṣin kan sórí ilẹ̀ Làìbéríà, tí aṣojú wọn sì fojú ara rẹ̀ rí i. Nínú àwọn márààrún, ọkọ mi nìkan ló ní abo tó lóyún. Ẹṣin náà sì ti dàgbà, oyún yìí ni ìkẹyìn. Bí ọmọ yìí bá bọ́, kò sí òmíràn.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ọjọ́ kan, nígbà tí òjò Monrovia ń rọ̀ bí ẹni da agbada omi, ìrọbí mú un. A sáré débẹ̀. Ọmọ náà jáde, ó sì dùbúlẹ̀ gbalaja, kò mira. Ọkọ mi ń fi koríko ha á lára, bàbá Fúlàní ń gbàdúrà, ìyá ọmọ yíjú pa dà, ó ń wò mí. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo kúnlẹ̀ sínú koríko tútù, mo sì sọ̀rọ̀ sókè pé, “Dìde. Bí o bá dìde, gbogbo ohun tí a ń ṣe fún ọmọ nílé mi ni màá ṣe fún ọ.”

Ó sín. Ó gbé orí. Kò pẹ́, ó wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí. Abo ni, àmì funfun kan sì wà níwájú orí rẹ̀ tó rí bí ṣíbí. Ọkọ mi ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ náà gan-an. Ó sunkún, mo sì sunkún. Ọjọ́ kẹta, ó gba Accra lọ láti ra ọjà.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ wá, ẹ mọ ohun tí a ń ṣe lọ́jọ́ kẹjọ. Mi ò pe Ààfáà, torí mo mọ ohun tí wọn yóò sọ. Mo mú klípà ọkọ mi, abẹ tuntun, ọṣẹ, àti ìgò àdí tí ìyá mi fi ránṣẹ́ láti Ìlọrin, mo sì wọ táksí lọ sí Bushrod Island.

Bàbá Fúlàní rí abẹ, ó ranjú. “Ol' Ma, I beg you. Da one not people-o.”

“Papa, hold am well. I don promise am.”

Mo fá a. Mo fá iwájú orí rẹ̀, mo fá àárín etí rẹ̀ méjèèjì, mo fá irun ọrùn rẹ̀ kanlẹ̀. Ọmọ náà kò jà, àfi pé ó ń jẹ gèlè mi. Mo di irun náà sínú aṣọ funfun. Mo wá fi àdí pa á lórí dáadáa, bí mo ṣe pa àwọn ìbejì mi, títí orí rẹ̀ fi ń dán. Mo sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ náà gùn, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n kó lọ wo ìwé. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ọjọ́ kejì, ọkọ mi pè mí láti pápákọ̀ òfurufú. Ó ti dé. Aṣojú àwọn tó ń tọ́jú ìwé ìran náà sì bá ọkọ̀ òfurufú kan náà wọlé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìgbà tí wọ́n dá. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Mamba Point ni yóò sùn sí, yóò sì lọ lọ́jọ́ kejì, nítorí náà ilé ẹṣin ni wọ́n ń bọ̀ tààrà. Kí n tó la ẹnu, ó ti pa fóònù.

Mo ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹṣin nígbà tí wọ́n dé. Obìnrin òyìnbó kan ni, àgbàlagbà, bàtà rẹ̀ ga dé orúnkún. Ọkọ mi ń ṣàlàyé ṣíbí funfun náà fún un bọ̀, ó ń fi ìka yà á sójú afẹ́fẹ́. Wọ́n wọlé. Ọmọ ẹṣin náà dúró níbẹ̀, orí rẹ̀ dúdú kirikiri, nítorí gbogbo èéfín àti eruku ilé náà ti lẹ̀ mọ́ àdí.

Obìnrin náà wo fọ́tò, ó wo ọmọ ẹṣin, ó tún wo fọ́tò. Ó ní ọmọ inú fọ́tò ní àmì funfun, èyí kò ní. Ó ní òun kò bú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n òun ti rí i láwọn ibòmíràn pé ọmọ ẹṣin kú, wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò.

Mo ní èmi ni mo fá a. Mo ṣàlàyé ọjọ́ kẹjọ fún un, mo ṣàlàyé ẹ̀jẹ́ mi. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó sì ní ìtàn náà dára, ṣùgbọ́n òun kò lè kọ ìtàn sínú fọ́ọ̀mù. Ẹṣin tí òun bá fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ bá fọ́tò mu.

Mo fi ọ̀yàyà tú aṣọ funfun tí mo di irun náà sí. “Irun rẹ̀ nìyí, Madam. See the white one.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní irun tí wọ́n fi ń yẹ ìran ẹṣin wò gbọ́dọ̀ ní gbòǹgbò, fífà ni wọ́n ń fà á, wọn kì í fá a. Irun inú aṣọ sì lè jẹ́ ti ẹṣin èyíkéyìí.

Ọkọ mi dojú tíìnì kérosíìnì kan délẹ̀, ó jókòó lé e. Kò pariwo. Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ara ì bá tù mí. Ó kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀, pẹ̀lú ẹrù Accra lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo rò ó pé mo ti fi ọwọ́ ara mi ba ohun kan ṣoṣo tí ọkùnrin yìí bẹ Ọlọ́run fún lẹ́yìn ogun jẹ́. Obìnrin náà ti ń kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì.

Ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Mo tún wo orí ọmọ náà, ni mo wá rántí ohun tí mo rí nígbà tí mo ń fá a. Awọ orí rẹ̀ dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ṣùgbọ́n lábẹ́ ṣíbí funfun yẹn, awọ náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tuntun.

Mo ké pé, “Papa, bring water!”

Mo ká ìró mi sókè, mo mú ọṣẹ àti kànrìnkàn, mo gbá ọmọ náà mọ́ra, mo sì wẹ̀ ẹ́ bí a ṣe ń wẹ ọmọ. Omi dúdú ń ṣàn sí mi lẹ́sẹ̀. Mo ṣan orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ṣíbí náà yọ, ó pọ́n, gbogbo etí rẹ̀ gún régé.

Obìnrin òyìnbó náà kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ó gbé fọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọmọ náà, ó fi ìka tọ etí àmì náà yí ká. Ó ní irun ṣeé pa láró, awọ kò ṣeé pa láró, àti pé láti ìgbà tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sí ẹni tó tíì fi àmì hàn òun kedere tó báyìí. Ó fa irun mẹ́wàá nínú ìrù rẹ̀. Ọmọ mi fi ẹsẹ̀ gbá a ní ìgbá kan. Ọkọ mi fò dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì dì mọ́ mi níwájú bàbá Fúlàní. Òun tí kì í dì mọ́ mi níwájú ìyá rẹ̀!

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, àpòòwé ńlá kan dé ṣọ́ọ̀bù. Làìbéríà ti ní ojú ewé tirẹ̀, ọmọ tí mo sọ lórúkọ ló sì ṣíwájú níbẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ ni ti orí fífá. Títí ayé ni yóò máa pá lórí nínú ìwé yẹn. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ọkọ mi ní kí n ka ìsàlẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé, ẹni tó sìn ín, ẹni tó ni ìyá rẹ̀. Orúkọ mi ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó ṣe wà nínú ìwé girama mi tó jóná.

Mo ní, “Alàájì, kí lèyí?”

“Ìwé tí o fọwọ́ sí ní èbúté,” ló wí. “Ìyá Ìbejì, láti ọjọ́ yẹn lo ti ni ín. Mo ń dúró kí o yé pè é ní ẹṣin yín.”

Mo jókòó. Mo fi ọwọ́ pa orúkọ mi lórí ìwé náà, mo tún fi ọwọ́ pa á. Mo fẹ́ bínú sí i pé ó mú mi fọwọ́ sí ohun tí n kò kà, ṣùgbọ́n ẹkún kò jẹ́ kí n bínú dáadáa.

Mo fi etí ìró mi nu ojú, mo ní, “Ẹ dìde, ẹ lọ fún ẹṣin mi lómi.”